Àkàrà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Jẹ Nílé Pakkiyam

Rebekkal ni orúkọ mi. Ogún ọdún ni mo fi já ewé tíì lórí òkè wa yìí kí orúnkún mi tó kọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọ rán mi lọ sí ìlú fún oṣù mẹ́fà, kí n lọ kọ́ bí a ti í jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kí a sì gbọ́ ọ títí dópin. Látìgbà náà, iṣẹ́ ìmọ̀ràn ni mò ń ṣe láàárín àwọn ará oko. Àwọn kan ń pè mí ní Akka, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Àwọn kan ń pè mí ní dókítà àwọn wèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nọ́ọ̀sì oko wa ránṣẹ́ sí mi. Ó ní Thavamalar, ọmọ Pakkiyam, wá gba oògùn oorun, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sùn. Nígbà tó ń jáde lọ, ó béèrè ibi tí wọ́n ń kó oògùn apakoríko sí báyìí, bí ẹni ń béèrè ibi tí wọ́n gbé àga sí. Nọ́ọ̀sì fi rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀.

Mo mọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń já ewé tíì, òun ló sì ń dá orin fún wa nínú ìjọ. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àwọ̀ ara rẹ̀ ti ń di funfun: ó bẹ̀rẹ̀ létí ètè, ó yí ojú ká, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Kò ran ẹnikẹ́ni, kò sì dùn ún, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn tó bá ń kọjá. Ìdílé márùn-ún ló ti wá wò ó fún ìyàwó. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: ìyá ọkọ á mú àgbàlagbà kan dání ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ọmọbìnrin á wọ aṣọ sáárì tó dára jù, á fi òdòdó sírun, á gbé tíì àti àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, á sì dúró kí wọ́n wò ó. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á ní àwọn á ránṣẹ́ táwọn bá délé. Ìdílé márààrùn-ún ò ránṣẹ́. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, Thavamalar ò dá orin mọ́.

Ó yẹ kí n lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an. Mo ní ó di ẹ̀yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Nítorí orúnkún mi, mo bẹ Díákónì Arokiam kó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gbé mi. Sáárì ìjọ ló wà lára mi. Mo sì ní ọmọkùnrin kan, Sutharsan, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá Kòlóńbò, tí kò tíì gbéyàwó. Olúwa ló mọ ìdí tí n kò fi da gbogbo èyí pọ̀ rò.

Pakkiyam, ìyá ọmọ náà, dà á pọ̀ kíákíá pé a wá wo ìyàwó fún ọmọ mi. A ò tíì gun àtẹ̀gùn tán tó fi sáré wọlé. Ẹ̀rín ń bẹ lójú rẹ̀, omijé sì ń bẹ níbẹ̀. Ó na ẹní tuntun sílẹ̀, ó gbé àga fún wa. Àwọn aládùúgbò yọrí lójú fèrèsé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Letchimi dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an, ó ní, “Ẹ jẹun dáadáa o. Àwọn tó ṣáájú yín jẹun tán, èsì ni wọn ò fi ránṣẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Díákónì wo ojú mi, ó wo ilẹ̀.

Thavamalar jáde. Àtíkè tí ìyá rẹ̀ fi kùn ún lójú kò bo funfun náà, ńṣe ló sọ gbogbo ojú di eérú. Ó gbé àwo síwájú mi. Mo la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe ohun tí ẹ rò la bá wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti sọ ohun tí mo bá wá, lójú Letchimi, pé dókítà àwọn wèrè ló wá fún ọmọ Pakkiyam. Mo mú àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo jẹ ẹ́. Ẹ̀sìn kì í jẹ́ ká purọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú lè mú wa dákẹ́. Mo ní a ó tún ríra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì dìde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ń wọn ewé, kò sí agbọ̀n Thavamalar níbẹ̀. Àwọn obìnrin rí i láàárín igi tíì lókè. Ó ti mu nínú oògùn apakoríko.

Kẹ̀kẹ́ Díákónì náà ló gbé e lọ sí ọsibítù. Orí rẹ̀ wà lórí itan ìyá rẹ̀, èmi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Pakkiyam kò tíì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó ni mo bá wá. Ó ń sọ fún mi ṣáá pé, “Akka, ìyàwó ọmọ yín nìyí o. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ìyàwó ọmọ yín.” Mo gbàdúrà. N kò lè gbé ojú sókè.

Dókítà ní èyí tó kọjá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò pọ̀, pé ó lè yè, ó sì lè má yè. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó tì í. Ọjọ́ kejì ni mo jẹ́wọ́ fún Pakkiyam ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Kò bú mi. Ó kàn kó sáárì rẹ̀ bo orí, ó sì lọ jókòó síbòmíràn. Títí di òní, kì í kí mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, Thavamalar sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ, mo ní láti tẹ etí sí ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Akka, mo mọ ojú ẹni tó ń wá ọ̀nà àtidìde. Ti márùn-ún ni mo ti rí.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ohun tí mo bá wá, Letchimi, ìtìjú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó pa ojú dé, ó ní:

“Kì í ṣe torí Sutharsan lẹ ṣe wá wò mí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀, ṣé ó wá sí yín lọ́kàn? Ẹ̀ẹ̀kan péré?”

Èmi tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin wa fún ọdún mẹ́jọ pé ọwọ́ Ẹlẹ́dàá kì í ṣe àṣìṣe. Mo wá irọ́ tó lè tù ú nínú. Ó wà lẹ́nu mi.

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn.”

Omi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé. Gbogbo àwọn yòókù ló ní àwọn á ránṣẹ́.”

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, bó bá jẹ́ iṣẹ́ là ń pè é. Ó yè. Kíndìnrín rẹ̀ kan kò dára mọ́, kò sì lè kọrin. Ìyá rẹ̀ ń sọ fún aráyé pé inú rírun ni. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn ewé ọ̀sán tán, Thavamalar á wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, á kan ilẹ̀kùn ní gbangba, ẹni bá fẹ́ kó wò ó. N kì í gbé tíì fún un. Òun ló ní kí n má gbé e.

Ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni a jókòó tí a kò sọ gbólóhùn mẹ́ta. Ìgbà mìíràn á bínú sí mi, màá gbà á. Ìgbà mìíràn á sọ ohun tó ń rí nínú dígí, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ibi tó ti wá àti ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi í léèrè bí mo ti máa ń bi í, bóyá èrò ikú yẹn ṣì ń wá.

Ó ní, “Ó wá lánàá. Lónìí, láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi wọn ewé ọ̀sán, kò wá.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ó wo bí mo ti ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ aago tí wọ́n wọn ewé sí i, nítorí òun ò lè ṣèlérí pé kò ní wá nírọ̀lẹ́.