Ó Ku Abẹ́rẹ́ Kan

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, ìyàwó aránṣọ kú. Àwọn tó wá kẹ́dùn padà sílé wọn lẹ́yìn ìsìnkú, àfi àbúrò aránṣọ lọ́kùnrin, tó ní òun á dúró ti ẹ̀gbọ́n òun fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ náà ti di oṣù méjì.

"Bọ́ bàtà rẹ kí o tó wọlé," ni aránṣọ wí fún un ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́bodè, abọ́ omi tó pò mọ́ bílíìṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò náà gbé páálí ńlá kan mọ́ àyà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ajá ló wà nínú ilé yìí ni àbí ọba?"

"Bọ́ ọ. Kí o sì ti ẹsẹ̀ bọ omi."

"Bí ẹ bá ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, n ó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí kò tó bàtà mi!" Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi kọjá.

"Kí ló wà nínú páálí?"

"Ẹrù mi ni." Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé aránṣọ fẹ́ràn ajá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé e wá kí ilé má baà pa lọ́lọ́ jù. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun bíńtín kan báyìí, tó ń tọ̀ sórí gbogbo ohun tó bá ti tẹ́jú. Ìtọ̀ rẹ̀ ń kó aránṣọ nírìíra. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ ẹni, títọ́jú ló tọ́ sí i. Dókítà ẹranko ti là á yé e pé abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ọmọ ajá náà yóò gbà. Kó tó gba ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí ajá mìíràn ti rìn, nítorí àrùn kan wà tó ń mú ọmọ ajá bì, tó ń mú un ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ títí yóò fi kú. Àrùn náà lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bàtà ènìyàn sì lè gbé e wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó wọ bàtà wọlé aránṣọ, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọ ajá ń gbé nínú bàsíà lábẹ́ máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ méjì ti wọlé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀kẹta.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti yàrá ẹ̀yìn. Kì í ṣe òórùn ìtọ̀. Ó dà bí ẹran tó ti bà jẹ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Ọmọ ajá mìíràn ló wà nínú páálí. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ti gan mọ́ ọn nídìí. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún aránṣọ kó tó mọ̀ pé òun ló gé aṣọ náà. Káfútáànì tó ń rán fún ìyàwó rẹ̀ ní oṣù kìíní ni, tí kò tíì rán apá kejì mọ́.

Ó fi apá bo imú.

Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kan, abẹ lọ́wọ́ kejì, ó ń lẹ bébà pélébé méjì mọ́ káàdì abẹ́rẹ́ tuntun. Aránṣọ mọ̀ wọ́n. Ara ìgò oògùn ni dókítà ti bó wọn, tó lẹ̀ wọ́n mọ́ káàdì lójú rẹ̀, ọ̀kan fún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ara káàdì mi lo ti bó wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti wà lára ajá yín. Bébà lásán ni mo yá. Ṣé bébà ló ń wo àrùn ni?"

"Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Obìnrin olùkọ́ kan. Ó ti wà lọ́nà."

"Ajá tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀?"

"Bó bá kú sí i lọ́wọ́, wọ́n á ní kò mọ ajá tọ́jú ni."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu. Aránṣọ wò ó bí ènìyàn ti ń wo ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìta.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Àbúrò fò dìde. Ó fi etí káfútáànì nu ìdí ajá náà, ó fín lọ́fínńdà sí i lára, ó gbé páálí, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀. A kì í tú ìdí ilé ẹni han àlejò."

Olùkọ́ náà dúró ní ìta, apẹ̀rẹ̀ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú o, bàbá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"A dúpẹ́."

"Ẹ wò ó, ìyá," ni àbúrò wí, "ó ń ta sánsán bí ọmọ tuntun! Oorun ló ń kùn ún. Káàdì rẹ̀ rèé, abẹ́rẹ́ méjì gbáko."

"Abájọ tí kò gbójú sókè. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti sọ ọ́ lórúkọ." Ó na ọwọ́.

Láti kékeré ni aránṣọ ti ń bo àbúrò rẹ̀ láṣìírí: lọ́dọ̀ bàbá wọn, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀, lọ́dọ̀ ìyàwó tó kọ ọ́. Kò dójú tì í níta rí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ó wí. "Ayédèrú ni káàdì yẹn. Àrùn ń ṣe ajá náà. Bí ẹ bá délé, ẹ fi bílíìṣì fọ bàtà yín."

Obìnrin náà fa ọwọ́ padà. Ó wo àbúrò láti òkè délẹ̀. "Òkú lẹ fẹ́ gbé fún ọmọ ọdún mẹ́rin?" Ó pòṣé, ó lọ.

"Ẹ tà mí lójú àlejò," ni àbúrò wí. "Ká ní ìyàwó yín wà láyé, ẹ ò tó bẹ́ẹ̀."

"Má fi ẹnu yẹn dárúkọ rẹ̀. Kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ."

"Nítorí ajá?"

"Kì í ṣe nítorí ajá."

Àbúrò rẹ̀ gbé páálí padà sí yàrá ẹ̀yìn láti kó ẹrù. Aránṣọ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mejì kó tó pe dókítà. Ó gbọ́ tí bàtà ń lọ, tí ilẹ̀kùn ìta pa dé gbàà.

"Bàbá, ṣé àwọn ajá méjèèjì fara kanra?" ni dókítà bi í lórí fóònù.

"Rárá. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni wọ́n wà."

"Ẹ má gbé tiyín kúrò níbi tó wà. Bó bá bì tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ pè mí kíá. Abẹ́rẹ́ méjì tó ti gbà lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí. Ọ̀sẹ̀ kan la ó fi máa ṣọ́ ọ. Èkejì ńkọ́?"

"Ẹni tó ni ín ti gbé e lọ."

Ó gbé korobá omi bílíìṣì, ó wọ yàrá ẹ̀yìn láti fọ̀ ọ́. Ohun tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ níbẹ̀ nìwọ̀nyí: ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò ní èkejì, agolo sàdíìnì mẹ́rin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eèrà ti bò wọ́n, ìyarun tó kún fún irun, káàdì abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí, tí kò tíì ní orúkọ ajá kankan, páálí náà, àti nínú páálí, ọmọ ajá kan tó ṣì ń mí.