Ohun Tí Tìjání Ń Lọ Ṣe ní Ọ̀kà

Ọjọ́ tí ọwọ́ Tìjání kọ́kọ́ dẹ́kun gbígbọ̀n, Memunat ìyàwó rẹ̀ sunkún ayọ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tí àìsàn ti mú ọkọ rẹ̀, tí kò lè gbé ife tíì sẹ́nu kí ó má dà á sáyà. Télọ̀ sì ni, ní Ìkàrẹ́. Oògùn tuntun tí dókítà kọ fún un ló dá ọwọ́ náà dúró.

Kò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ lẹ́yìn náà tí Memunat fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Tí Tìjání bá ti kírun Àìlà tán báyìí, ó di Ọ̀kà. Ó ní òun ń lọ wo oníbàárà.

"Oníbàárà wo ló ń rán aṣọ lójoojúmọ́, Bàbá Nafisah?"

"Ìwọ náà, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù."

Mọ̀gáríbì ni yóò tó padà, yóò máa rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ yóò sì tutù sínú abọ́. Memunat gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Kì í ṣe lọ́fínńdà. Ó dà bí ohun tó jóná díẹ̀. Ó tú àpò rẹ̀ wò, ó bá nọ́ọ̀tì onírin kéékèèké méje níbẹ̀, èyí tí kò sí lára máṣínì ìránṣọ kankan tó mọ̀. Ìyẹn tún wá dá kún ìfura rẹ̀. Ta ló ń kó nọ́ọ̀tì sí àpò ọkọ ọlọ́kọ? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Àsàmáù tó ń rán aṣọ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Tìjání ló là á lóye.

"Mi ò fẹ́ dá ilé yín rú o, Ìyá Nafisah. Àbúrò mi tó wà ní Ọ̀kà sọ pé ilé opó kan ló máa ń rí i tó ń wọ̀ lọ́hùn-ún. Zipporah lorúkọ obìnrin náà."

Lọ́jọ́ kejì, Memunat jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì tán, ó sì gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ó rí i tó yà sí ilé kan tí wọn ò tíì rẹ́. Ó wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan tó dàgbà jù ú lọ dáadáa jókòó sí pálọ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀yin nìyàwó bàbá yìí?" ni obìnrin náà wí. "Mo ti ń retí yín."

"Ẹ ń retí mi? Ẹ̀yin tí ẹ fa ọkọ mi mọ́lé?"

Zipporah ò bínú. Ó kàn nawọ́ sí yàrá. Memunat yọjú. Tìjání jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, rédíò mẹ́jọ tí a ti tú palẹ̀ àti nọ́ọ̀tì wọn yí i ká, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn sì bò ó lójú. Kò gbórí sókè.

"Rédíò ọkọ mi tó kú ni," Zipporah ṣàlàyé. "Ó ń tún rédíò ṣe nígbà ayé rẹ̀. Bàbá yìí wá gba aṣọ tó yẹ kó rán fún mi, ó rí wọn, ó ní kí òun bá mi wo ọ̀kan. Ó tún un ṣe, rédíò náà sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe dùn! Àfi bó ṣe padà dé lọ́jọ́ kejì tó tún un tú. Ó ti bà á jẹ́ báyìí, kò dẹ̀ yé tú u. Mo fi irinṣẹ́ pamọ́, ó gbé tirẹ̀ wá. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ lé e jáde nílé ni."

Memunat ò tíì gbà. Ó ká kọ́tìnì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn pàápàá. Lẹ́yìn náà ló tó pe ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é.

"Ó ku díẹ̀," ni Tìjání dáhùn. "Ó ku díẹ̀ péré."

Ohùn yẹn ló bà á lẹ́rù ju obìnrin lọ.

Nígbà tí Memunat mú un padà sí ọsibítù, Dókítà Ìbíyínká da ife méjì dojú dé, búlúù kan, pupa kan, ó fi bọ́tìnnì sábẹ́ ọ̀kan. Ó ní kí Tìjání wá a rí. Abẹ́ búlúù ló máa ń wà, kò sì pẹ́ tí Tìjání fi mọ̀. Ni dókítà bá ń fi í sábẹ́ pupa láì sọ fún un. Tìjání ṣí búlúù, kò sí nǹkan. Ó tún ṣí búlúù. Ìgbà mọ́kànlá! Memunat ò lè wò ó mọ́.

"Ṣé wọ́n ti ṣe é ni, Dókítà?"

"Rárá, mà. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí à ń pè ní dópámíìnì. Òun ló ń sọ fún wa pé ohun tí a ṣe yìí dára, ká tún un ṣe. Bí nǹkan ò bá dára mọ́, ṣe ló máa ń lọ sílẹ̀, àwa náà á yí padà. Tiwọn ti dín kù, ìdí tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n nìyẹn. Oògùn tí mo fún wọn ń ṣe bíi dópámíìnì, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù fún ara wọn, kì í jẹ́ kó lọ sílẹ̀ mọ́. Ohun tó dára nìkan ló ń wọ̀ wọ́n létí."

Ó dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Tìjání ò lọ sí Ọ̀kà mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tún ń gbọ̀n.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń parọ́ fún mi?" Memunat bi í.

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé rédíò ni mò ń lọ tú? Mo mọ̀ pé mò ń bà á jẹ́, Memunat. Mo mọ̀. Mi ò kàn lè dìde ni."

Memunat gbé iṣu lọ fún Zipporah, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gba iṣu, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ń wo ẹ̀yìn Memunat bóyá Tìjání ń bọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Tìjání àti Àsàmáù pawọ́ pọ̀ báyìí: Tìjání ń fi ọwọ́ ọ̀tún gé aṣọ, Àsàmáù ń rán an. Ó pẹ́ kí ó tó mọ́ Tìjání lára. Ìdí máṣínì ló máa ń lọ jókòó sí láàárọ̀, tí yóò tún dìde. Bí ó bá sì ti di ọwọ́ Àìlà, fóònù rẹ̀ yóò dún. Memunat ni.

"Ibo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ gbé fóònù fún Àsàmáù."