Irọ́ Tí Mo Kọ Sínú Ìròyìn Ọjọ́ Ajé

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kọ ìròyìn líìgì wa. Àwa mẹ́jọ la jọ dá a sílẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ń pín lẹ́tà nílùú Duluth ní Amẹ́ríkà. Eré náà kò le: kálukú á ṣa àwọn eléré bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi lù, tó wù ú jọ sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá gidi láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa di máàkì fún ẹni tó ṣà wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi Lowell á gbé kọfí ka iwájú, màá kọ ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó wà nídìí, màá bu èébú díẹ̀ sí i bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Nígbà náà, kí kọfí tó tutù ni èsì á ti máa rọ́ wọlé. "Lowell, ìwọ tí ẹgbẹ́ rẹ ò lè lu bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá so mọ́ igi, o tún lẹ́nu ọ̀rọ̀?"

Nígbà tó yá, a fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ síbi tí yìnyín kì í dé. Marlys, ìyàwó mi, kú. Èsì ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi di pé lọ́dún yìí, láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, ẹnì kan ò sọ bẹ́ẹ̀ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀kọ́.

Lóṣù kẹfà, mo ní kí n dán wọn wò. Norbert Skoglund ló wà nípò kejì. Mo gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Clifton Rausch, tí kò fọwọ́ kan ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá, ni mo gbé sókè téńté. Mo fi ránṣẹ́, mo ń retí ariwo. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin.

Lọ́jọ́ Ajé karùn-ún, mi ò kọ nǹkan kan. Mo pe Clifton ní Arizona, níbi tó kó lọ.

"Lowell! Àgbàyà! O ṣì wà láyé?"

"Mo wà. Mo ní kí n kí ọ kú oríire ni. Ìwọ lo wà lókè."

"Òkè ibo?"

"Líìgì wa."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Èmi kẹ̀? Mi ò ṣí nǹkan yẹn láti oṣù kẹrin. Kọ̀ǹpútà ló bá mi ṣa àwọn eléré. Àbí o ṣì ń kọ ìwé ọjọ́ Ajé yẹn ni?"

"Mo ń kọ ọ́."

"O kú iṣẹ́, ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń lúwẹ̀ẹ́, jẹ́ n lọ wò wọ́n. Màá pè ọ́."

Kò pè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni fóònù dún. Arlene ni, ìyàwó Norbert, láti Ely lápá àríwá.

"Lowell, kí ni Norbert fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Kí ló dé?"

"Rọpárọsẹ̀ kọlù ú lóṣù kejì. Kò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń ka ìwé rẹ sí i létí, òun á tọ́ka sí eléré tó fẹ́, èmi á bá a tẹ̀ ẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí, tí mo bá ti kà á dé ibi tí o fi í sí, á máa fọwọ́ òsì gbá tábìlì, ojú á pọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn náà ló tún ń le sí i, àfi ìgbà tí mo wo ipò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lánàá, ìwé ò wá, kò jẹun."

Mo sọ òótọ́ fún un.

"Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ ọ́ fún," ló wí.

Lọ́jọ́rú, mo fi wákàtí méjì wakọ̀ lọ. Norbert jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù kan eegun. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Norbert, mo parọ́ mọ́ ọ. Mò ń wá ẹni tó ń kà á ni. Ipò kejì lo wà."

Ó mirí. Ó na ìka ọwọ́ òsì kan ṣoṣo sókè. Mo wo ojú Arlene.

"Ó ti gorí òkè láti ọjọ́ Àìkú," ni Arlene wí. "Ìwọ náà ò wò ó?"

Lóòótọ́, mi ò wò ó. Norbert la ẹnu, ètè rẹ̀ gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. "Ọ̀... ọ̀lẹ."

A jọ mu ọbẹ̀ ẹja. Oorun gbé e lọ lórí àga, mo wakọ̀ padà sílé.

Láti ìgbà náà, mò ń kọ òtítọ́. Arlene á fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí Norbert bá sọ ránṣẹ́. Èébú ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí eré parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án, Norbert ló gba ipò kìíní. Mo kọ ọ́ gàdàgbà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Clifton àtàwọn tó kù ò fèsì.

Yìnyín ti ń bọ́ báyìí, ọ̀nà Ely ò dáa. Mo máa ń pe Norbert lọ́jọ́ Ajé. Arlene á gbé fóònù sí i létí. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.