Nọ́ọ̀sì Tó Kọ̀ Láti Pàṣẹ fún Mi

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, inú ṣì ń bí mi sí i. Mo máa sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa rántí ojú rẹ̀.

Ọ̀nà ibùdó ìlera ni mo wà, mò ń wá Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́mi. Ẹ kúkú mọ ìdí rẹ̀. Tí ọdún bá ń parí lọ ni ìdána Olúṣẹ̀san ọmọ mi, Alàgbà Jayésinmi, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, ló sì máa jókòó níwájú. Ọkùnrin yìí kan náà ló pariwo níbi ìdána ọmọ àbúrò mi pé, "Ẹ jẹ́ kí bàbá oníkùn yẹn kúnlẹ̀ bí àwọn obìnrin, kó má lọ yí dànù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀. Títí dòní mo rántí fìlà tó dé. Mo ti búra pé lọ́tẹ̀ yìí, àyà mi á kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, n ó sì dá dìde.

Nígbà tí mo débẹ̀, ibùdó ìlera ti gbéra nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè igi máńgòrò, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi. Mo ní, àwọn èèyàn yìí, wọn kì í dúró sójú kan. Mo gun àkàbà. Ibi tí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń kérora: "Yéè, Bàbá Olúṣẹ̀san, ẹ rọra!" Mo ní kó panu mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo dúró lórí òṣùwọ̀n. Kàkà kó sọ bí mo ṣe wúwo tó, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Kílò mélòó lẹ rò?"

Nọ́ọ̀sì jókòó sídìí tábìlì. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ ká jọ sọ lónìí?"

"Sọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ jẹ."

"Ṣé mo lè bi yín ní nǹkan? Kí lẹ fẹ́ràn nínú iyán?"

Ẹnu yà mí. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn ní ibùdó ìlera? Mo ní iyán kì í báni jiyàn. Ibi tí o bá fi í sí ló ń gbé.

"Kí ni kò wá dára níbẹ̀?"

"Ibi tí mo fi í sí náà ló wà títí di báyìí. Wò ó, ọmọ yìí, pàṣẹ fún mi!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò pàṣẹ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí: bí ẹ ò bá pàṣẹ fún mi, kí ni n ó kọ̀? Láti kékeré ni. Tíṣà ní kí n jókòó, mo dìde, mo gba ilé lọ, ilé ìwé ò sì tún rí mi mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá wọn pátápátá wọlé pẹ̀lú kóòtù àti táì. "Má jẹ iyán! Má jẹ ẹran! Má sùn lọ́sàn-án!" Inú mi dùn. Mo ti rí ẹni tí n ó bá jà. Kí n tó ká apá aṣọ, ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí wọ́n bá ti pàṣẹ."

Ibẹ̀ ni ikùn mi ti bọ́ sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Nọ́ọ̀sì kí òun náà. Ikùn ní, "Ẹ má dá bàbá yìí lóhùn. Òun ló ń pè mí lálaalẹ́."

Mo fẹ́ fèsì, àmọ́ yàrá ti di àgbàlá àwọn àna wa. Ẹní wà nílẹ̀, Alàgbà Jayésinmi jókòó níwájú, fìlà yẹn náà ló dé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ikùn mi ti sáré síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àtẹ́wọ́ sọ. "Ẹ wo bàbá ọkọ! Ẹ wo ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́!" Wọ́n gbé àga mi fún un. Èmi dúró, mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọ̀pá, ẹnikẹ́ni ò kí mi.

Nọ́ọ̀sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bàbá, kí ló dùn yín jù níbẹ̀?"

"Èmi ni mo bí ọmọ! Èmi ni kí n dọ̀bálẹ̀! Àyà tèmi ni kó kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fà mí lápá dìde!"

"Níbo lẹ rò pé ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀?"

"Iyán alẹ́! N ó pa á tì! N ó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, mi ò gun ọ̀kadà mọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Mi ò sọ nǹkan kan."

Mo wá àṣẹ tí n ó kọ̀, mo wá a títí, mi ò rí i. Ẹnu mi ni ọmọ yẹn fi mú mi.

Ni mo bá lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá Olúṣẹ̀san, ìyàwó mi, dúró tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ẹ kú ìkíni. Ta lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún láàárọ̀ kùtù?"

Mo yí ojú mi sí ògiri.

"Ṣé kí n fà yín dìde?"

"Fọwọ́ kàn mí, kí o wò ó."

Ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ yí mi ká. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó tún pẹ́ sí i. Orúnkún kan gbéra, èkejì ń ráhùn tẹ̀lé e, mo sì dìde.

Ó gbá ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí. "Kí ni kí n sè lálẹ́ òní?"

Ìbéèrè! Nínú ilé mi! Mo wò ó títí, bóyá yóò pàṣẹ ohun tí n ó jẹ fún mi. Kò pàṣẹ.

Mo ní kó se ẹ̀wà, kó sì bù ú níwọ̀n. Ẹni tó bá lọ rò ó fún nọ́ọ̀sì yẹn nínú yín, èmi àti onítọ̀hún ti parí.