Mẹ́rin Nínú Mẹ́tàdínlógún

Nígbà tí wọ́n lé bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kóòṣì, ìlà kan péré ni wọ́n fi lé e: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tàdínlógún, ó borí nínú mẹ́rin. Alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà kà á bí ẹni ń ka ẹ̀sùn olè, àwọn ìgbìmọ̀ mi orí, ó parí. Ọdún mọ́kànlá tí Bàbá ti lò níbẹ̀ kò sí nínú ìwé. Wọ́n ń tún pápá wa ṣe lọ́dún náà, mẹ́tàlá nínú eré mẹ́tàdínlógún ọ̀hún ló jẹ́ pé ilé onílé la ti lọ gbá a. Ìyẹn náà ò sí nínú ìwé. Agbábọ́ọ̀lù méje tó fara pa ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn.

Ẹni tó kọ ìwé náà mọ gbogbo rẹ̀. Igbákejì Bàbá ni. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí pé eyín rẹ̀ kì í sinmi níta. Inú pálọ̀ wa ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to agbábọ́ọ̀lù sórí pápá. Bàbá á to ìdérí ìgò sórí tábìlì, òun á máa béèrè ìbéèrè, ìyá mi á gbé oúnjẹ fún un, èmi á máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lé Bàbá náà ni wọ́n gbé ipò rẹ̀ fún un. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dẹ́kun wíwo bọ́ọ̀lù ni. Bí àwọn aládùúgbò bá pariwo góòlù, á dìde lọ ti fèrèsé. Ìyá mi ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

"Màámi," mo ní, "ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé. Àwa tí à ń kó o ńkọ́?"

Ìṣirò ni mo kọ́ nílé ìwé gíga. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà ń wá ẹni tí yóò máa ka eré fún wọn: ta ló gbá bọ́ọ̀lù sí ta, mélòó ló wọlé, mélòó ló gba òkè lọ. Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbà mí.

"Àbúrò mi nìyí," ó sọ fún Alága, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Ilé kan náà la ti jáde."

Mo tẹrí ba, mo dúpẹ́. Orí mi ló tẹ̀, inú mi ò tẹ̀.

Sáà àkọ́kọ́, wọ́n ń borí. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò bu ú kù. Ẹni tó máa mú adìẹ kì í sáré lé e kiri. Sáà kejì ni ọwọ́ yí. Aṣọ́lé wọn kán lápá. Alága ta àwọn méjì tó ń gbá góòlù wọlé jù, kò tilẹ̀ bi kóòṣì. Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi máa pé mọ́kàndínlógún, mẹ́rin la borí. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú: Bàbá sàn jù ú lọ.

Alága ní kí n mú àbọ̀ wá sípàdé lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ewé méjì ni mo kọ. Èsì eré wà lórí ti àkọ́kọ́. Ohun tó fa èsì náà wà lórí èkejì: apá aṣọ́lé, àwọn tí wọ́n tà, ìgbà tí wọ́n gbá eré méjì láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ojú ewé kejì yẹn ò kúrò nínú báàgì mi.

Mo kà á tán. Fáànù ń dún gìrì lókè orí wa. Alága ní, "Kí ló wá fà á?"

"Sà, nọ́ńbà niṣẹ́ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín dìde. "Àbúrò, sọ fún wọn pé aṣọ́lé kán lápá! Sọ ti àwọn tí wọ́n tà. O kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo rí ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà. Bí ẹ̀yin náà ṣe kọ tiyín nìyẹn."

Alága ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwọn tó tà. Omi tí wọ́n bù fún wọn ò tíì tán nínú ife tí wọ́n fi lé Ẹlẹ́rìn-ín kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó dúró dè mí lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó gbé páálí ẹrù rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ṣé torí bàbá ẹ ni?"

"Torí ọ̀gá yín ni."

"Mo bí ọmọ mẹ́ta o."

"Bàbá mi náà bímọ. Ọ̀kan nínú wọn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò.

Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ojú ewé kejì dà?" Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí pé ta ni wọ́n fi rọ́pò aṣọ́lé tó kán lápá. Mo sọ fún un. Ó mi orí, bí ẹni tí nǹkan ń dùn.

"Ó dùn mọ́ mi nínú, n ò ní purọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mú èyí lọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé. N ò fẹ́ kí ọmọ mi jọ Ẹlẹ́rìn-ín."

"Ó dáa, sà," ni mo wí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fà á ya wẹ́wẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ọ́fíìsì, mo jókòó, mo mu tíì mi. Bàbá ò bi mí mọ́. Mo rò pé kò fẹ́ mọ̀ ni.

Lọ́sàn-án, Alága yọjú, ó ń yìn mí pé n kì í ṣojúsàájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe pa ìlẹ̀kùn dé, mo ṣí ojú ewé tuntun. Ipò kẹta la wà nínú líìgì nígbà tí Alága gorí àga. Ipò kẹrìndínlógún la wà báyìí. Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń dìbò yan alága, ku oṣù mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.