Ẹ̀jẹ̀ Imú Fàtímọ̀

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé Ẹdẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lásìkò ọyẹ́. Òwúrọ̀ mẹ́ta léraléra ni Àwáwù fi gbé apáàdì lọ́wọ́, tó ń lọ tọrọ iná nílé Kúlúsúmù. Iná ilé tirẹ̀ kò kú o. Sàídì, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló fẹ́ fẹ́ Fàtímọ̀, ọmọ Kúlúsúmù, ni ẹbí bá rán Àwáwù pé kó lọ wò ó bóyá àrùn kan ń bẹ nínú ìdílé wọn. Kúlúsúmù mọ ohun tó ń wá, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó sì yẹ ní rírán ni wọ́n rán: bí Àwáwù bá rí èèrà méjì tó ń kí ara wọn, á fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Lówùúrọ̀ kẹta, Fàtímọ̀ ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ṣàdédé ń dà nímú rẹ̀. Kúlúsúmù sáré gbá a lórí mú, ó dojú rẹ̀ kọ òkè, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ọmọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì. Kò pẹ́, ó bì, ẹ̀jẹ̀ ló sì bì.

Àwáwù rò pé àrùn tí wọ́n rán òun wá wò ló dé yìí. Ikọ́ ife ló sọ sí i lọ́kàn, ó sì dùn ún gan-an, nítorí ó ti fẹ́ràn ọmọ náà. Fàtímọ̀ wò ó tomijé-tomijé.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sọ ọ́ nílé."

Ẹlòmíràn ìbá ti lọ. Àwáwù jókòó. Ó béèrè bóyá ọmọ náà máa ń húkọ́. Wọ́n ní rárá. Ó béèrè bóyá ó ti bi ẹ̀jẹ̀ rí kó tó di pé wọ́n gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní rárá. Ó wá fa ọwọ́ Fàtímọ̀ wò, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ èékánná ọmọ-ìka rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú kí inú imú gbẹ, ọmọ sì ti fi èékánná ha á. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àwáwù.

"Ibi tí agbè bá ti ń jò là ń dí," ó ní.

Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán. Ó ní kí ọmọ jókòó, kó tẹrí síwájú díẹ̀, kó máa fẹnu mí, kó sì tu èyí tó bá dé ọ̀fun. Ó fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ lára imú rẹ̀ pọ̀ pinpin, ó fi ọwọ́ kejì mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ kó lè fi mọ bó ti pẹ́ tó. Kúlúsúmù ní kó jọ̀wọ́ imú náà wò ná, Àwáwù kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ka tẹ̀sùbáà yí ká láì kánjú kó tó jọ̀wọ́ imú. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ọmọ kò sì bì mọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ imú tó gbé mì ló bì," ni Àwáwù wí. "Kó má fọn imú lónìí. Ẹ gé èékánná rẹ̀."

Ó dìde, ó ń lọ. Kúlúsúmù gbé apáàdì sáré tẹ̀lé e pé ó ti gbàgbé iná.

"Iná wa kò kú rí," ni Àwáwù dáhùn. "Ẹ bá mi tọ́jú apáàdì yẹn. Obì ni màá gbé wá lọ́la."