Oko Tí Títíladé Kọ̀

4.

…ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí yín, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kàwé. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹyẹ, tí kò sì jẹ́ kó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Inú agolo bisikíìtì Bàbá Josiah ní Erunmu ni a ti kó àwọn bébà wọ̀nyí jáde. Èkíní sí ìkẹta ti di ti ikán. A to ìyókù bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra. Bí a bá ṣì í tò, kí Olúwa dárí jì wá.


5. LẸ́TÀ

Ilé Àwọn Olùkọ́, Ìbàdàn
22 February 1965

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ìyá mi ńkọ́? Ẹ̀fọ́rí wọn ńkọ́?

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdánwò mi. Satidé, 13 March, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Bí mo bá yege, wọn yóò fún mi ní ìwé àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ òfuurufú, kí n sì máa gbé èèyàn. Ẹ̀yin ni n óò kọ́kọ́ gbé.

Ẹ rántí pé mo fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Olùdánwò pa ẹ̀rọ lójijì lókè, ó ní, “Ẹ̀rọ ti kú. Níbo lo máa bà sí?” Mo nawọ́ sí oko kan tó tẹ́jú. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ebè ló kún un. Ọmọ àgbẹ̀! Ojú tì mí. Ó tún máa bi mí lọ́tẹ̀ yìí. Apá Àdégbayì sí Erunmu náà ni a ó lọ, nítorí náà ẹ lè rí wa.

Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ wa ti sọ pé kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bí n kò bá yege, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi àyè mi fún.

Ẹ fi mí sínú àdúrà.

Ọmọ yín,
Títíladé


6.

Ohun tí lẹ́tà náà kò sọ:

pé wọn kì í pa ẹ̀rọ náà tán. Wọ́n kàn ń mú un rọlẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ilẹ̀ tó orí igi ọ̀pẹ, wọ́n á tún gbéra.

Títíladé rò pé bàbá òun mọ̀.


7.

Josiah ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló ń ka Ìwé Mímọ́ nínú ìjọ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, nítorí náà, ohun tó bá kà, ó máa ń gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Wọn yóò pa ẹ̀rọ. Ọmọ rẹ̀ yóò máa bọ̀ láti òkè. Yóò máa wá ilẹ̀ títẹ́jú.

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wo ọ̀nà Àdégbayì, ó wo apá odò. Kò sí oko tí kò mọ̀ níbẹ̀. Ebè ni. Ebè ni láti etí odò dé eteetí igbó. Ẹni tó bá já lé e láti òkè, bí ìgbà tó já lé orí àwọn tó kúnlẹ̀ ni.


8. Ọ̀RỌ̀ TÍ JOSIAH ÀTI LÀMÍDÌ, ALÁBÀÁGBÉ RẸ̀ LÓKO, JỌ SỌ
(Àbíkẹ́, ìyàwó Josiah, ló gbọ́ ọ, tó sì sọ ọ́ fún wa.)

LÀMÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá ṣá?

JOSIAH: Ara mi yá.

LÀMÍDÌ: Ẹgbẹ̀ta ebè. Tí ẹ ti gbin iṣu sí.

JOSIAH: Mo mọ iye rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.

LÀMÍDÌ: Ilẹ̀ tèmi ńkọ́, níbi tí mò ń so ẹran sí? Ọdún kẹrin rèé tí mi ò ti ro ó. Ó ti le bí àgbàlá.

JOSIAH: Ilẹ̀ ẹran? Ọmọ mi, tíṣà, kó ti ọ̀run bọ̀, kó wá bà sórí ìgbẹ́ ewúrẹ́?

LÀMÍDÌ: Ẹ má bínú, Bàbá Tíṣà! Ewúrẹ́ mi ò kàwé, lóòótọ́.

JOSIAH: Làmídì.

LÀMÍDÌ: Ó dáa. Kí Ọlọ́hun má dójú tì wá. Èèyàn mélòó lẹ fẹ́? N óò sọ ọ́ lẹ́yìn Jímọ́ọ̀.


9. ÌKÉDE

Ọjọ́ Ìsinmi kìn-ín-ní nínú Lẹ́ńtì, 7 March.

Bàbá Josiah bẹ gbogbo ìjọ ní ọ̀wẹ̀ fún Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Kí oníkálukú mú ọkọ́ rẹ̀ dání. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ. Ọ̀wẹ̀ ebè títẹ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Títíladé, kí àyà rẹ̀ má baà já.


10. OHUN TÍ A RÍ LÓKO NÍ ỌJỌ́RÚ

Ọkọ́: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìdínlógún ti ìjọ, mẹ́tàlá ti àwọn ará Làmídì.

Ẹ̀wà tí Àbíkẹ́ sè: ìkòkò mẹ́ta.

Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó sì jẹ ẹ̀wà: a kò kà á.

Èbù iṣu tí a hú: agbọ̀n mọ́kànlá.

Ebè tí a tẹ́: ẹgbẹ̀ta dín méjì.

Méjì tó kù: Àbíkẹ́ dúró tì wọ́n. Ó ní, “Ọkọ̀ tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yà fún ebè méjì, kó padà sí Ìbàdàn. Èwo nínú yín ló máa bọ́ mi lóṣù kẹjọ?”




11.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Títíladé.


12.

Ní Satidé, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, gbogbo wọn ti wà létí oko. Ìjọ wọ aṣọ funfun. Àwọn ará Làmídì dé fìlà Jímọ́ọ̀. Josiah dúró níwájú nínú aṣọ tó fi ń ka Ìwé Mímọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú orí, ó ń wo òkè títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

Oko náà tẹ́ lọ níwájú rẹ̀, ó pupa, ó dán, bí ẹní tuntun tí a tẹ́ de àlejò pàtàkì. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ náà pé òun kò rí ilẹ̀ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n rí i, kékeré, bí eṣinṣin lára ògiri.

Lẹ́yìn náà, ohùn ẹ̀rọ rọlẹ̀.

“Jésù,” ni Àbíkẹ́ wí.

“Lá iláha,” ni Làmídì wí.

Josiah nawọ́ sí oko rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi àga han ẹni tó wọlé.


13. NÍNÚ ỌKỌ̀
(Bí Títíladé ṣe rò ó fún bàbá rẹ̀ nínú lẹ́tà, tí bàbá rẹ̀ sì dà á kọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwálé ni olùdánwò.)

ỌLÁWÁLÉ: Ẹ̀rọ ti kú, Mìsì. Níbo lẹ máa bà sí?

TÍTÍLADÉ: Mo kọ́kọ́ ń tọ́jú eré rẹ̀ ná, sà. Èéfín yẹn ń fẹ́ lọ sápá ìlà-oòrùn. Ìwọ̀-oòrùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ni n óò kọjú sí.

ỌLÁWÁLÉ: Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀ pupa yẹn. Kí lẹ tún ń wá?

(Títíladé tẹjú mọ́ ilẹ̀ náà.)

ỌLÁWÁLÉ: Mìsì.

TÍTÍLADÉ: Oko bàbá mi ni.

ỌLÁWÁLÉ: Ẹ̀n?

TÍTÍLADÉ: Ebè ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo wálé gbẹ̀yìn.

ỌLÁWÁLÉ: Àwọn wo ló wọ aṣọ funfun yẹn?

TÍTÍLADÉ: Ìjọ wa ni, sà.

ỌLÁWÁLÉ: Ìjọ! Ṣé ẹ ti wá sọ fún wọn ni?

TÍTÍLADÉ: Rárá, sà.

ỌLÁWÁLÉ: À ń sọ̀kalẹ̀ o. Ṣé ibẹ̀ ni, àbí ibẹ̀ kọ́?


14.

Ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà.

          Ẹgbẹ̀rin.

                    Ẹgbẹ̀ta.


15. NÍNÚ ỌKỌ̀, ÌYÓKÙ

TÍTÍLADÉ: Ibẹ̀ kọ́, sà.

ỌLÁWÁLÉ: Kí ló dé? Ó tẹ́jú.

TÍTÍLADÉ: Ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ni. Ojú rẹ̀ ló tẹ́, abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa rì, a máa dojú dé. Mò ń yà sápá òsì, sí ilẹ̀ ẹran Bàbá Làmídì. Ó le.

ỌLÁWÁLÉ: Ó dá yín lójú?

TÍTÍLADÉ: Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n, sà.

(Ó ní òun ń sunkún nígbà tí òun ń yí ọkọ̀ náà.)


16.

Lójú gbogbo èèyàn, ọkọ̀ náà bọ̀ tààrà sí oko Josiah, ó wò ó, ó sì yà kúrò.

Ó kọjá lókè orí wọn. Ó lọ sórí ilẹ̀ ẹran. Àwọn ewúrẹ́ já okùn. Ó rọlẹ̀ dé orí igi ọ̀pẹ, ilẹ̀ títẹ́jú gbọọrọ wà níwájú rẹ̀, kò sí kùkùté, kò sí kòtò. Gbogbo èèyàn di ara wọn mú. Nígbà náà ni ẹ̀rọ bú sí ohùn padà, ọkọ̀ náà gbé imú sókè, ó sì lọ.



“Bàbá Tíṣà,” ni Rùkáyátù, ìyàwó Làmídì, wí, “ewúrẹ́ wa mà ti kàwé jù yín lọ!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn kan, wọ́n sì ń bẹ̀rù àtirín in. Josiah kò gbọ́. Ó ti bọ́ sínú oko rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ pupa náà. Ẹsẹ̀ rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Èyí rì jù ú lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, bí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.

Lẹ́yìn náà ló ju fìlà rẹ̀ sókè.

“Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi kọ oko mi! Ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi kọ oko mi, ó sì tọ̀nà!”


17. LẸ́YÌN BÉBÀ ORIN: JOSIAH FI LẸ́Ẹ̀DÌ KỌ Ọ́

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo fún un ní ọkọ́. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá dára jù, fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

Òun rántí. Èmi ni mo gbàgbé.


18. LÁTI Ọ̀DỌ̀ TÍTÍLADÉ

Bàbá mi, olùdánwò kò sọ pé mo yege, kò sọ pé n kò yege. Ó ní ìwé yóò dé ilé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi mí ṣáá: ta ló tẹ́ oko náà, ta ló pè wọ́n? Mo ní n kò mọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́.

Ẹgbẹ̀ta ebè, Bàbá?


19. ẸDÀ LẸ́TÀ JOSIAH

Sí Ọ̀gbẹ́ni Olùdánwò.

Alàgbà, mo kí yín ní orúkọ Olúwa wa.

Èmi Josiah ni mo tẹ́ oko. Ọmọ mi kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ kọ orúkọ mi sí i, kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ tẹ́ oko sílẹ̀ dè é, ẹ kọ ìyókù pẹ̀lú: pé ó rí i, pé ó mọ̀ pé oko bàbá òun ni, pé kò sì gbà á. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta ni mo ti lò láyé. N kò tí ì rí ẹni tó bu ọlá fún mi tó bẹ́ẹ̀.


20. ÌKÉDE

Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú Lẹ́ńtì, 14 March.

Bàbá Josiah kò ní kọ ebè sí oko náà mọ́ lọ́dún yìí. Ó ti wá ilẹ̀ mìíràn fún èbù rẹ̀.

Ó bẹ gbogbo ẹni tó bá ń lọ sóko, tó ń lọ sódò, tó ń bọ̀ láti ilé Ọlọ́run, kí ó jọ̀wọ́ máa gba àárín oko náà kọjá, kí ilẹ̀ náà lè le.

Ó ti bá Làmídì sọ̀rọ̀. Àwọn ewúrẹ́ náà yóò máa wá.


21.

Òní ni Satidé, 27 March. Ìwé ìdánwò dé láàárọ̀. Orúkọ Títíladé ló wà lórí àpòòwé rẹ̀. Ó tinrin. Bí a bá gbé e sójú oòrùn, a ń rí pé wọ́n tẹ nǹkan sí i, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tí wọ́n tẹ̀.

Àbíkẹ́ ní kí a tú u. Josiah ní rárá, ẹni tó ni orúkọ ló ni ẹnu ìwé. Ọ̀la ni Títíladé ń bọ̀.

Ó fi ìwé náà sínú agolo, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀.


22.

Láti ibi tí a ti ń kọ èyí, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó ń ti odò bọ̀. Àwọn ará Làmídì. Ewúrẹ́. Josiah ló wà níwájú, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ebè méjì tí Àbíkẹ́ dúró tì ti hù. Gbogbo wọn ń yà fún ebè méjèèjì.


23.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé yìí dé ibí, ilẹ̀ kò ní rì mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ọmọ tí ẹ kọ́ yóò rántí ju yín lọ. Níbikíbi tí ẹ bá máa bà sí, Olúwa á ti ṣáájú yín débẹ̀, á ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

Àmín.